Bébà Funfun Lójú Fèrèsé Yèyé

Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ń gbé lábẹ́ ojú ìyá ọkọ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ Zipporah ará Jàpárà, n'Ìjẹ̀bú-Igbó. Kì í ṣe obìnrin burúkú. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ, kì í pariwo, kì í jà. Bí wọn kò bá rí i níbi tó máa ń jókòó sí lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n á béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Ohun tó ṣe kò ju pé ó fi omi lẹ bébà mọ́ gíláàsì lọ. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, kì í lè gbójú sókè wo òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ilé méjì ló wà nínú àgbàlá wọn. Ọ̀kan ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí bàbá ọkọ rẹ̀ fi owó kòkó kọ́. Fèrèsé ńlá tó wà lókè rẹ̀ jẹ́ igi àti gíláàsì wẹ́wẹ́, ọ̀dà tí wọ́n ń kùn lọ́dọọdún sì ti gán an pa, kò ṣeé ṣí mọ́. Èkejì ni ilé ilẹ̀ tuntun tí Akínbọ́lá ọkọ rẹ̀ kọ́ síwájú ti àtijọ́: fèrèsé lúfà, páànù tó ń dán, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí èèyàn lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Yèyé Ìbíkẹ́, ìyá Akínbọ́lá, ló ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Zipporah àti àwọn ọmọ, Ọláníkẹ́ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wà nínú ilé tuntun. Akínbọ́lá alára, iṣẹ́ agi, gígé igi gẹdú, ló ń ṣe, inú igbó lọ́nà Màmú ló máa ń wà títí di Sátidé.

Àga Yèyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ńlá náà. Láti ibẹ̀ ló ti ń rí títì, ó ń rí ẹnu ọ̀nà ilé tuntun, ó sì ń rí ìdí ààrò Zipporah. Fèrèsé náà kò ṣeé ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn Yèyé kì í ṣe ohùn tí gíláàsì ń dí.

"Zipporah! Kí ló wà nínú igbá yẹn?"

"Ẹ̀fọ́ ni, Yèyé."

"Ẹ̀fọ́ ló tẹ̀ ọ́ lọ́rùn báyẹn? Ṣí i kí n rí i."

Á sọ igbá kalẹ̀, á ṣí i.

"Zipporah! Ta ni ọkùnrin tó kan ilẹ̀kùn yín lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹni tó ń ta epo fìtílà ni, Yèyé."

"Ó pẹ́ níbẹ̀ ju ẹni tó ń ta epo lọ."

Gbogbo ìyẹn, Zipporah ń fara dà á. Èyí tí kò fara dà ni ti ọjọ́ tí ìyá tirẹ̀ wá kí i láti Awà. Nígbà tí ìyá náà ń lọ, Zipporah bu gààrí díẹ̀ sínú àpò fún un. Wọn kò tíì dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá tí ohùn fi dún láti òkè.

"Zipporah! Ṣé gààrí ṣì kù fún ọmọ mi láti jẹ, àbí gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sí Awà?"

Àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró. Asimawu, ìyá oníṣòwò obì tó múlé gbè wọ́n, fi ìborùn bo ẹnu. Ìyá Zipporah gbé àpò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí àkàsọ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "mo ti yó."

Ó sì lọ, kò wẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kan ti ń rìn kiri nínú Zipporah: ọjọ́ wo ni òun yóò bọ́ lọ́wọ́ fèrèsé yìí?

Kò pẹ́ sígbà náà ni Akínbọ́lá ti oko agi dé, tó ní oòrùn ọ̀sán ń jó Yèyé lójú, ó sì ń ṣá àga inú pálọ̀ tuntun. Àsìkò náà ni bébà fèrèsé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde, tí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ojú òun là ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Lọ sí Àgọ́-Ìwòyè," Akínbọ́lá wí. "Yan èyí tó dára fún ilé méjèèjì. Ojú ìwọ mọ nǹkan ọ̀ṣọ́ ju tèmi lọ."

Ó fi ọkàn tán an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Hàmídù ni ẹni tó ń ta gíláàsì, ìṣó àti ọ̀dà ní Àgọ́-Ìwòyè, aláwàdà ènìyàn.

"Ilé tuntun ni àbí ilé àwọn bàbá, ìyá wa?"

"Méjèèjì ni."

"Háà, ẹ jókòó nìyẹn. Ohun tó yẹ ìyàwó kọ́ ló yẹ ìyá ọkọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó tú bébà méjì sílẹ̀. Ọ̀kan fẹ́lẹ́, àwọ̀ oyin. Èkejì funfun bí omi ògì.

"Aláwọ̀ oyin yìí, ti ilé àtijọ́ ni. Ó ń dín iná oòrùn kù, ṣùgbọ́n ojú èèyàn ń là á kọjá. Inú yàrá ni kí ẹ ti lẹ̀ ẹ́ o. Èyí tí wọ́n bá lẹ̀ síta, òjò àkọ́rọ̀ ni yóò ṣí i. Funfun yìí ńkọ́, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, ṣùgbọ́n ẹni inú kò ní rí ìta, ẹni ìta kò ní rí inú. Ti ilé tuntun nìyẹn, tó kọjú sí ojú àwọn èèyàn. Bó bá jẹ́ lúfà, ẹ gé e fún gíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi etí díẹ̀ sílẹ̀, kó má baà ya nígbà tí ẹ bá ń ṣí i."

Ẹ wò ó, Olúwa ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Bó bá lẹ funfun mọ́ lúfà tirẹ̀, Yèyé kò ní rí inú pálọ̀ rẹ̀ mọ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò sunkún.

Ṣùgbọ́n Zipporah gbé aláwọ̀ oyin sókè síbi oòrùn. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù Hàmídù di wúrà. Ó rí pálọ̀ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ó tún ronú pé bí òun bá tilẹ̀ bo pálọ̀, ìdí ààrò ńkọ́? Àgbàlá ńkọ́? Àpò gààrí ńkọ́?

"Ta ní ń jókòó nídìí fèrèsé ti àtijọ́ náà?" Hàmídù béèrè.

"Ìyá ọkọ mi ni."

"Ẹ má fún un ní funfun o. Àgbàlagbà tí kì í sábà jáde mọ́, fèrèsé yẹn ni ọjà tó ń ná lójoojúmọ́."

"Mo gbọ́," ni Zipporah wí.

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà burú.

Yèyé kò sí nílé lásìkò náà. Sarah ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ ní Màkún-Omi, létí ọ̀sà, Yèyé sì lọ wẹ ọmọ fún un. Zipporah gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ ní ọ̀sán gangan, ó bu omi sínú abọ́, ó sì lẹ bébà funfun mọ́ fèrèsé ńlá náà, gíláàsì kan tẹ̀ lé èkejì.

Ìta ló ti lẹ̀ ẹ́, láti orí fàráńdà.

Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí Yèyé bá dé, òun yóò wí fún un pé nítorí oòrùn ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ wí lóòótọ́, kí ló dé tí kò lẹ̀ ẹ́ sínú bí Hàmídù ti wí? Ó mọ̀ pé àràárọ̀ ni Yèyé máa ń fi àkísà nu gíláàsì rẹ̀. Bó bá wà nínú, ọwọ́ rẹ̀ yóò bà á.

Ojú Yèyé kì í ṣe ojú ọmọdé mọ́, ṣùgbọ́n ó ń ríran. Ìbàdí rẹ̀ ló bàjẹ́ nígbà tó ń bọ̀. Ó ṣi ẹsẹ̀ tẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e gun àtẹ̀gùn ni. Láti ọjọ́ náà, orí bẹ́ẹ̀dì àti orí àga nìkan ló mọ̀.

Zipporah ló gbé e jókòó sórí àga náà. Ọyẹ́ ti wọlé nígbà yẹn, ètè gbogbo èèyàn ti ń là. Yèyé kọjú sí fèrèsé, ó di ojú, ó là á.

"Zipporah, kí ló dé tí ìta rí bàìbàì báyìí?"

Ibẹ̀ ni ó yẹ kó ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ọyẹ́ ni, Yèyé."

"Ọyẹ́ ọdún yìí mà le o," Yèyé wí, ó sì fa aṣọ bo èjìká.

Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá. Ọyẹ́ wà níta. Ohun tí Zipporah fi ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ayé dùn mọ́ ọn. Ó ń rìn nínú àgbàlá bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó fi gààrí ránṣẹ́ sí Awà. Ó jẹ ẹja láìsí ẹni tó béèrè bó ti tóbi tó. Pálọ̀ rẹ̀ ń tàn bí oyin ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin ìjọ sì ń wá wò ó.

Akínbọ́lá wo funfun tó wà lókè lọ́jọ́ Sátidé kan.

"Ṣé Yèyé fẹ́ràn ìyẹn?"

"Ó ní oòrùn kò jó òun mọ́."

Ìyẹn di irọ́ kejì. Irọ́ ti ń bímọ.

Lọ́jọ́ kan, Asimawu wá kí Yèyé, ó fi obì sí i lọ́wọ́. Zipporah wà níbẹ̀ tó ń ká aṣọ.

"Àlùbáríkà, Yèyé! Ẹ mà ti ṣe fèrèsé yín lọ́ṣọ̀ọ́!"

"Fèrèsé wo?" ni Yèyé wí. "Fèrèsé tí ọkọ mi ti fi sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Ìyá olóbì," Zipporah yára wí, "mo gbọ́ igbe ọmọ nílé yín o. Bí ẹni pé ó ṣubú."

Asimawu fò dìde. Kò sí ọmọ tó ṣubú. Nígbà tí Zipporah pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Asimawu wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ìyá Ọláníkẹ́, etí rẹ mà ń gbọ́ ohun tí kò dún o."

Nígbà tó yá, ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ojú ọ̀run mọ́ gaara. Yèyé sì ń gbọ́ tí àwọn tó ń kọjá ń kí ara wọn pé ọyẹ́ ti lọ o, oòrùn ti dé o.

Ó pe Zipporah wọlé, ó ní kó ti ilẹ̀kùn.

"Jókòó tì mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ, má jẹ́ kí Akínbọ́lá gbọ́, má jẹ́ kí ìjọ gbọ́." Ohùn rẹ̀ tí gíláàsì kì í dí ti di tẹ́ẹ́rẹ́. "Ojú mi ti ń lọ."

"Yèyé..."

"Jẹ́ kí n sọ. Ohun tó wà ní tòsí, mo ń rí i. Èyí tó jìn, funfun ni. Ọyẹ́ lọ lójú gbogbo ayé, kò lọ lójú mi. Bí ti ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn kó tó di pé okùn ni wọ́n fi ń fà á lọ sí balùwẹ̀." Ó di ọwọ́ Zipporah mú. "Mo mọ̀ pé ẹnu mi mú sí ọ. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. O kì í ṣe aláròká. Fi ọwọ́ lé ojú mi, kí o gbàdúrà."

Fèrèsé kò jìnnà sí wọn tó apá mẹ́ta. Ó lè dìde nígbà náà, kó jáde sí fàráńdà, kó ya bébà náà kúrò. Ṣùgbọ́n ìtìjú ti di ẹrù. Kí ni yóò pè é? Báwo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Ó gbé ọwọ́ lé ojú tí kò ṣàìsàn. Ó ní, "Jésù, ìwọ tí o la ojú afọ́jú, la ojú Yèyé."

"Àmín," Yèyé wí. "Àmín, àmín, àmín."

Omijé gbígbóná ń jáde lábẹ́ ọwọ́ Zipporah. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá kúnlẹ̀ nílé, orúkọ Olúwa kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó kàn ń kúnlẹ̀ ni.

Àdúrà kò sì gbà, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ni Yèyé bá ránṣẹ́ sí Akínbọ́lá pé kó wá gbé òun lọ sí Màkún-Omi lọ́dọ̀ Sarah. Ó ní òun kò gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́.

"Kí ni mo fi ṣe yín?" Akínbọ́lá ń bẹ̀ ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ilé tí bàbá kọ́ fún yín nìyí."

"O kò fi nǹkan kan ṣe mí."

"Ta ló wá ṣẹ̀ yín?"

"Kò sẹ́nì kan. Afẹ́fẹ́ omi ló wù mí."

Yèyé fi kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ lé Zipporah lọ́wọ́. "Aṣọ òfì inú rẹ̀, tìrẹ ni. Ojú tí kò lè rí i mọ́, kí ló fẹ́ fi ṣe?" Akínbọ́lá kò gbọ́ ìyẹn, ó ti sá jáde lọ nu ojú.

Lórí àtẹ̀gùn, Akínbọ́lá di Zipporah lápá mú. "Ìwọ lo wà pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ló ṣe ìyá mi?"

"N kò mọ̀," ni Zipporah wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ sọ: apá kan wà nínú rẹ̀ tó ń yọ̀. Bí òun bá ti pa ẹnu mọ́ títí lọ́rì yóò fi gbé Yèyé lọ, òun yóò ya bébà náà, fèrèsé yóò mọ́, kò sì ní sí ẹnì kan nídìí rẹ̀ mọ́.

Ọ̀la ni Yèyé ń lọ, òjò àkọ́rọ̀ bá ṣú ní ìrọ̀lẹ́.

Zipporah ń sáré kó aṣọ lórí okùn. Ìjì gbé, òjò dà. Ó gbójú sókè. Bébà ti ṣí ní igun kan fèrèsé Yèyé, ó ń lù pàtì-pàtì bí etí ewúrẹ́.

Ó ju aṣọ sílẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn, ó gba pálọ̀ àtijọ́ kọjá, ó já sí fàráńdà. Òjò lù ú lójú. Ó na ọwọ́ sí igun bébà náà.

Títí di òní, kò lè sọ bóyá ó fẹ́ ya á kúrò ni, àbí ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ padà.

Nítorí pé lẹ́yìn igun náà, ojú kan wà tó ń wò ó.

Ọwọ́ rẹ̀ kú sókè. Òjò kò dúró dè é. Bébà náà sọ̀ jọ́rọ́ bí ewé ẹ̀kọ tó rẹ̀, ó bọ́ lé e lẹ́sẹ̀. Gíláàsì mọ́ gaara láàárín àwọn méjèèjì.

Yèyé wo ojú rẹ̀. Ó gba orí èjìká rẹ̀ wo títì, ó wo ilé tuntun, ó wo aṣọ tó wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó wo ewúrẹ́ tó sá sábẹ́ òrùlé. Gbogbo rẹ̀ ló rí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ padà sára ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ọyẹ́ náà ni, Zipporah?"

Nígbà tí Zipporah wọlé, ó dojú bolẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀ sórí ẹní. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí àpò gààrí títí dé ọ̀rọ̀ Hàmídù. Yèyé na ọwọ́ sí i.

"Gbé ọwọ́ rẹ wá."

Ó gbé e sókè.

"Ọwọ́ yìí lo fi lẹ̀ ẹ́?"

"Òun ni, Yèyé."

"Òun náà lo gbé lé mi lójú?"

"Òun náà ni."

Yèyé tú ọwọ́ náà sílẹ̀. "Àwọn àmín tí mo ṣe ńkọ́, Zipporah? Ta ni yóò kó wọn padà fún mi?"

Nígbà tí Akínbọ́lá dé láàárọ̀ pẹ̀lú awakọ̀, ìyá rẹ̀ wà lórí àga. "Tú ẹrù mi. N kò lọ mọ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ojú ọjọ́ ti là."

Zipporah ló sọ ìyókù fún ọkọ rẹ̀. Akínbọ́lá kò nà án, kò bú u. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, bó bá ti jẹun tán, á ní "ẹ ṣeun" bí àlejò, á dìde.

Zipporah dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ gíláàsì náà títí kò fi sí àpá. Asimawu ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó mi orí.

Yèyé padà sídìí fèrèsé rẹ̀. Ó ń rí ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n kò pe Zipporah mọ́.

Zipporah á gbé igbá kọjá, kò ní sí ohùn. Á dúró díẹ̀, á tún igbá gbé bí ẹni tó wúwo fún, kò ní sí ohùn. Ìyá rẹ̀ wá láti Awà, ó bu gààrí fún un kún àpò, wọ́n rìn jẹ́jẹ́ kọjá lábẹ́ fèrèsé náà. Kò sí ohùn. Ìgbà kan wà tó ṣí igbá fúnra rẹ̀, tó gbé ojú sókè, tó ní, "Ẹja ni, Yèyé." Yèyé mi orí sí i láti òkè, bí èèyàn ti ń kí ẹni tó ń kọjá lọ.

Ohun tí Zipporah ń wá ló rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ilé ṣe, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó yan ohun tí ẹ ó fi bo fèrèsé ẹnì kan, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó sórí àga rẹ̀. Zipporah kò jókòó síbẹ̀ rí.

Ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Zipporah ń ro ọkà nídìí ààrò.

"Zipporah!"

Orógùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sá gun òkè tí kò mọ ìgbà tó dé ibẹ̀.

"Yèyé, èmi nìyí!"

Yèyé jókòó, ó kọjú sí fèrèsé. "Ìta rí bàìbàì."

"Ọyẹ́ ni, Yèyé."

Yèyé na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀. "Mú mi lọ sí fàráńdà."

"Yèyé, òtútù wà níta. Ìbàdí yín..."

"Mo ní kí o mú mi lọ."

Ó mú un lọ, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì. Níta, ìkùukùu ti bo títì, lọ́rì agi kan ń bọ̀ tó tan iná lójúmọmọ. Yèyé fi ìka fa orí igi fàráńdà, ó gbé ìka náà súnmọ́ ojú, ó wo eruku ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gíláàsì fèrèsé rẹ̀ láti ìta, láti òkè dé ìsàlẹ̀, gíláàsì kan tẹ̀ lé èkejì, kò fo ọ̀kankan.

"Ọyẹ́ ni," ó wí.

Zipporah di apá rẹ̀ mú. Kò sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀.